Ẹyin Mi Níwájú Àwọn Kòkòrò Inú Ìgò

Bonoua, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, 1996

Micheline, Àṣàbí ọmọ ọmọ mi,

Alice ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí ọkùnrin, Ọlọ́runlékè la sọ ọ́. Ignace àbúrò rẹ ti gbé Odette níyàwó, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ara èmi le. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ ní Vridi, kí òórùn epo ibẹ̀ má ṣe ọ́ níbi.

Lẹ́tà rẹ dé, èmi fúnra mi ni mo kà á. O ní oògùn wà nínú ẹyin mi tí Simone oníkéèkì ní Cocody gbé wá fún àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò tí o ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ lo sì kọ ọ́ síwèé pé kó má rà á. Bàbá rẹ Olútóyè bínú, ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ní bí májèlé bá wà lára ìlẹ̀kẹ̀ náà ńkọ́? Ó bu gààrí mu.

Èmi ni mo ṣì í. Alidou, dókítà ẹran, ní bí àwọn adìẹ bá mu oògùn ikọ́ wọn tán, kí n ka ọjọ́ méje kí n tó ta ẹyin. Mo kà á bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà: ọjọ́ tí wọ́n mu ún tán gan-an ni mo pè ní ọjọ́ kìíní, nígbà tó di ọjọ́ keje, ẹyin ti wà nínú gbákà, ọkọ̀ akérò tó ń gbé e lọ fún Simone. Àṣé àwọn dókítà kì í ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù, òun ni àwọn kòkòrò inú ìgò tí o fi ń yẹ ẹyin wò fi mú mi.

O ní ojú kò lè rí wọn. Bí ẹyin tí o fi sínú ìgò bá mọ́, wọn á jẹ ṣúgà tó wà níbẹ̀, wọn á bí sí i, omi ìgò á pọ́n bí ìyeyè. Bí oògùn bá wà, wọn á kú, omi á dúró ní àwọ̀ àlùkò. Mo ròyìn rẹ̀ ní kíláàsì àgbà tí a ti ń kọ́ ìwé kíkà. Mọ́síùrá, ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tó ni ẹyin. Mo ní wọn kò mọ èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ òótọ́. Mo kẹ́dùn àwọn tó kú. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ikọ́ tún mú àwọn adìẹ, wọ́n tún mu oògùn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ka ọjọ́ méje bíi ti dókítà, mo fi ọ̀kan lé e nítorí ìtìjú. Simone ní bí oògùn bá tún wà níbẹ̀, òun ò rà lọ́wọ́ mi mọ́, kò sì sí oníbàárà mìíràn tó ń ra ogún páálí lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin ọgbọ̀n ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Má wo orúkọ mi lára páálí. Bí omi bá dúró ní àlùkò, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní dọ̀tí, orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́, wàá bí ọmọ tí yóò lè sọ òótọ́ fún ọ.

Owó inú àpòòwé yìí kì í ṣe rìbá. Owó àyẹ̀wò wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ mi ṣe é fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, owó ṣúgà sì wà níbẹ̀, kí àwọn kòkòrò yẹn má fi inú òfìfo tọ́ ẹyin mi wò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba sẹ́fà.