Ilé Tí N Kò Kùn Lọ́dà Pupa

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá
A dé lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí omíyalé ti wọ ìlú yìí, òórùn ẹrẹ̀ ṣì wà nínú gbogbo nǹkan—ìrọ̀rí, kódà búrẹ́dì. Iṣẹ́ tiwa ni ká yẹ ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà funfun lára ògiri: onílé lè padà wọlé. Ọ̀dà pupa: wíwó ni. Ọ̀gá wa—Kíákíá ni mo ń pè é nínú ọkàn mi—ní ká má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìṣẹ́gun, 7
Ilé mọ́kànlá. Mẹ́jọ pupa. Bàbá kan dúpẹ́ lẹ́yìn tí mo kun tiẹ̀ ní pupa. Òótọ́ korò, ó ní, ṣùgbọ́n ó sàn ju “ẹ fara balẹ̀” tí wọ́n ń sọ fún òun. N kò mọ ibi tí mo máa kọjú sí.

Ọjọ́rú, 8
Ìyá aránṣọ, ilé igun òpópónà. Ògiri ẹ̀yìn ti là láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́. Pupa ni, kò sí àríyànjiyàn. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ ran aládùúgbò lọ́wọ́ lọ́jọ́ omi yẹn. Wọn ò tíì rí òkú rẹ̀.

“Ọmọ mi, bí mo bá kó kúrò, tó bá dé ńkọ́? Ta ni yóò bá nílé?”

Mo ní, “Màmá, ògiri yìí ò dáa.” Ó ní òun náà ò dáa mọ́, àwọn méjèèjì jọ ń gbé ara àwọn ró ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín—Ọlọ́run dárí jì mí. Ó bẹ̀ mí fún ọjọ́ díẹ̀. Mo dé garawa ọ̀dà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ọjọ́bọ̀, 9
Kíákíá bèèrè ilé igun. Mo ní kò sẹ́nì kankan nílé. Irọ́ náà ò tilẹ̀ há mi lọ́fun.

Ẹtì, 10
Òjò.

Àbámẹ́ta, 11
Òjò ṣì ni. Mo ní kí n lọ mú ìyá wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn tí omi lé kúrò nílé ń sùn sí. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Mo ní ó dọ̀la.

Àìkú, 12
Ògiri ẹ̀yìn wó láago méje àárọ̀. Àwọn káfíńtà tó ń tún òrùlé ṣe ládùúgbò ló gbé ìyá jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kú. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Kíákíá ka ìwé mi. Ó ní, “Ilẹ̀kùn wà ní títì. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.” Ó gbà mí gbọ́.

Ajé, 13
Ọmọbìnrin ìyá náà dé. Ó di ọwọ́ mi mú. Màmá òun sọ̀rọ̀ mi lórí fóònù, ó ní: láti ìgbà tí omi ti dé, èmi nìkan ni mo fetí sí òun. “Ẹ ṣeun. Ẹ ṣe wọ́n lóore.”

Lóore!

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ògiri, ọ̀dà, irọ́ inú ìwé. Kíákíá dúró tì wá, ó gbọ́.

Ọmọ ìyá náà kò sunkún. Kò pariwo.

“Ẹ ò bá ti dákẹ́,” ó ní. “Mo ti rí ẹnì kan tí n óò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi.”

Ó wá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.