Ọ̀pẹ Ẹ̀gà Tí Mo Pààlè Sí

Èmi, Jósẹ́fù Oyèkọ́lá Adésọjí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Akaka Rẹ́mọ, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, ojú mi sì ń rí ìtẹ́ ẹyẹ lórí igi síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, Adétóun àti Oyèbọ̀dé, ẹ̀yin ni kí ẹ mú un ṣẹ.

1. Adétóun ló ni ilé mi ní Ṣàgámù. Kí ó má ṣe gbá ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dànù. Wọ́n ti ń yé síbẹ̀ kí a tó bí i.

2. Oyèbọ̀dé ló ni awò tí mo fi ń wo ẹyẹ lókèèrè, àti ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Ìyá yín, Kòfowórọlá, ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi a máa ka ìtẹ́, òun a máa kọ ọ́, lábẹ́ igi obì. Nínú ìwé ọdún 1989, ó kọ ọ́ pé ọkọ òun fẹ́ràn ẹyẹ ju oúnjẹ lọ, àti pé ọbẹ̀ ti tutù. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

3. Kí Ridwanullah tó ń bá mi ro oko mú adìẹ mẹ́sàn-án àti àdá mi. Bí ó bá rí ẹyin àparò nínú koríko, ó mọ bí a ti ń ro ibẹ̀ yípo.

4. Àbúrò mi, Ilésanmí, ni mo fún ní ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé bàbá wa ní Akaka. Ní ọdún 2013, nígbà tí ẹ̀gà ń kọ́lé lórí rẹ̀, mo pààlè sí i kí àwọn ọmọdé má baà sọ ìtẹ́ lókò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilésanmí nìkan ló sì ń gùn ún kọ ẹyìn! Ó ní olè ni mo pe òun. Nítorí ta ni a ṣe ń pààlè, bí kò ṣe olè? Ó yẹ kí n lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo ní èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún kejìlá rèé tí a kò kí ara wa. Mo jẹ̀bi. Bí ó bá fẹ́ gé ọ̀pẹ náà, kí ó gé e. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ kí ọmọ ẹ̀gà kọ́kọ́ fò.

5. Ẹ lọ ka abala kẹrin fún un kí ẹ tó sin mí. Ẹ má ránṣẹ́; ẹ kúnlẹ̀ fún un lórúkọ mi. Bí kò bá wá, ẹ sin mí, ẹ má bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú sàréè mi. Ẹ jẹ́ kó wà ní yẹ̀pẹ̀, títí àbúrò mi yóò fi wá bu tirẹ̀ sí i.

Mo fọwọ́ sí i ní Ṣàgámù, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ọdún 2025.
J. O. Adésọjí

Àwọn tí ó ṣojú wọn:
Deborah Láídé Ọláwálé, nọ́ọ̀sì
Sàídì Ayọ̀ọlá, awakọ̀