Ìdílé Kan Tí Mo Mọ̀

Adamstown, Dublin,
Oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àlhájà Sìfáwù,

Às-sàláámù àléékúmù. Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Ìwó. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbé yín dé mọ́sálásí báyìí? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kó sì bá ẹ̀yin nìkan nílé, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Láti oṣù Kẹwàá ni iṣẹ́ ti dín kù lọ́wọ́ Mùílì ọkọ mi. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Citywest, níbi tó ti ń di ẹrù, dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tó kù sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Ó ń wá òmíràn, kò tíì rí. Ohun tó ń wọlé, owó ilé ló ń gbé e jẹ.

Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ o. Ọyẹ́ a máa lọ bí oòrùn bá yọ, ṣùgbọ́n tibí á wọ inú ògiri, á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Iná tó ń mú ilé móoru, mítà la fi ń rà á, bíi tiyín náà. Bí owó inú mítà bá tán, ilé di yìnyín. Iman ọmọ mi, tó ní ikọ́ fée, ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bó bá ń mí nínú yàrá rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

Ẹ ó ní, ṣebí mọ́sálásí wà. Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti dè mí. Ẹ rántí pé ọdún kejì rèé tí wọ́n fi mí jẹ Ìyá Àdínì, ẹ̀yin náà pa ẹran nílé. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó rí jájẹ ni wọ́n máa ń gbé irú oyè bẹ́ẹ̀ fún. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó sàárà wá, èmi ni mo ń gbé e lọ fún ìdílé tí òtútù bá ń pa. Èmi yìí kan náà ni mo ń sọ fún àwọn obìnrin pé ọwọ́ tó ń fúnni sàn ju ọwọ́ tó ń gbà lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá na ọwọ́ sí wọn? Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, màá sáré wọ kóòtù, màá ní mo fẹ́ jáde ni, kí wọ́n má baà wọlé jókòó. Wọ́n ti ń yìn mí pé Ìyá Àdínì kì í sinmi.

Mo wá dá ọgbọ́n. Mo pe ẹgbẹ́ aláàánú kan, ti àwọn òyìnbó àdúgbò, kí ọmọ Yorùbá kankan má baà gbọ́ sí i. Méjì méjì ni wọ́n máa ń bẹ ilé wò. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ìyá òyìnbó kan ló kọ́kọ́ kí mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ruqoyyah ará mọ́sálásí wa, mi ò mọ̀ pé ó ti wọ ẹgbẹ́ wọn, obìnrin tí èmi fúnra mi gbé sàárà lọ fún nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ káàsán mà, Ìyá Àdínì. Sorry mà, àbí àdírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ṣì fún wa?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i. Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ń sọ pé, "Rárá o, èmi ni mo pè. Ìdílé kan tí mo mọ̀ ni, ojú ń tì wọ́n." Ruqoyyah wò mí, ó wo ògiri, ó ṣàlàyé fún ìyá yẹn. Ìyá yẹn ní, "Ah, that's grand, love." Wọ́n fún mi ní káàdì tí a fi lè ra iná ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n bá wọn gbé e dé ọ̀hún.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Ohun tí a bá bá ẹlòmíì gbà ti di àmáánà, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi pé a kì í jẹ àmáánà. Mo gbé káàdì sórí tábìlì. Mi ò lè lò ó, mi ò sì lè gbé e fún ẹlòmíì kí n máa gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń wúkọ́. Iman, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mummy, that family is us, like." Ó mú káàdì, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Mi ò dá a dúró. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ti móoru, èmi sì ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà.

Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ruqoyyah bi mí lójú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin pé ìdílé yẹn ńkọ́. Mo ní ilé wọn ti móoru, wọ́n ní kí n bá wọn dúpẹ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní àwọn á máa dá nǹkan jọ fún ìdílé náà títí òtútù á fi lọ, èmi ni màá sì máa gbé e lọ. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá ṣe? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Temi kò tíì rìn jìnnà tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Nígbà tí àwọn yòókù ń wá bàtà wọn, Ruqoyyah sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyá ilé yẹn mà. Nígbà tó kàn mí, mo tilẹ̀kùn mọ́ yín kí n tó ṣí i. Ẹ sọ fún un pé ìtìjú yẹn ò pa mí." Mo ní màá jíṣẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò tíì jẹ́ ẹ fún un.

Ẹ bá mi bi Àfáà yín léèrè: ẹni tó gba sàárà lórúkọ ìdílé tí kò sí, kí ni kó ṣe? Ẹ má dárúkọ mi o. Ẹ ní obìnrin kan tí ẹ mọ̀ ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á fún orúnkún yín lágbára, á jẹ́ kí ẹ jèrè àwọn ọmọ yín. A ò ní fi ẹkún rí ara wa. Àmín.

Èmi ni, àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,

Àṣíáwù.

Àfikún: Bí ẹ bá máa fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ Ìyá Àdínì sórí àpòòwé bí ẹ ti máa ń ṣe. Ẹ kọ Àṣíáwù lásán.