Odi Tí Ara Mọ fún Àrùn

Ìtele, Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ruqoyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kàdúná, ṣé iṣẹ́ tuntun náà ń lọ déédéé? Mo bẹ Ọlọ́hun kí ìwé yìí bá ọ nínú ara líle. Ara tèmi le. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé bàbá rẹ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́, bí mo bá sì gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi dá ọ lóhùn.

Ara bàbá rẹ kò yá. Nígbà tí o béèrè lọ́dún Iléyá pé kí ló dé tí ó rù, mo ní iṣẹ́ ni. Ohun tí àwa náà gbà gbọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn tí o padà ni ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n, ara ń yún un, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kóòkì. Gbogbo ènìyàn ní ibà apọ́njú ni. Ó mu àgbo títí, kò gbà kí a lọ sí ọsibítù.

Ìyánà Ìyẹsí ni àìsàn náà ti dá a gúnlẹ̀. Òun àti Jabez, tí wọ́n jọ ń ṣe wẹ́dà, ń jó géètì kan lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Jabez gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọsibítù, ó pè mí lọ́nà.

Mo rò pé oògùn ibà ni wọn yóò fún wa. Lẹ́yìn tí wọ́n yàwòrán inú rẹ̀, Dókítà Dúrótoyè, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ní kí n jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó wà lára ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí ń ṣe omi tí ń da oúnjẹ. Pankiríásì ni wọ́n ń pè é. Ruqoyah, mi ò mọ̀ rí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ènìyàn. Mi ò sunkún. Etí mi kàn ń hó ni.

Bàbá rẹ ní kí wọ́n gé e dànù. Dókítà ní ó ti lọ́ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ọ̀bẹ kò lè dé ibẹ̀. Ó wá ṣàlàyé ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Jẹjẹrẹ náà ń tú omi kan jáde, irú èyí tí ara fi ń mú ọmọdé dàgbà, tí ó sì fi ń wo ọgbẹ́ sàn. Omi yìí ló fi ń ránṣẹ́. Bí ẹran ara tó dára tó wà nítòsí bá ti gbọ́ iṣẹ́ náà, á rò pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Á mọ odi líle yí àrùn ká, oògùn kò ní ráyè wọlé dáadáa. Á tún máa bọ́ àrùn náà. Jẹjẹrẹ náà a sì máa gbọ́ ìpè ara rẹ̀, á máa pọ̀ sí i.

Bàbá rẹ wo ikùn ara rẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Èmi ni mò ń bọ́ ọ?”

Dókítà ní, “Ẹ̀bi yín kọ́, Bàbá. Ó tan ara yín jẹ ni.”

Wọ́n ti ọ̀pá róbà tín-ín-rín kan bọ ọ̀nà òróòro rẹ̀ tí àrùn náà dí. Yíyún náà lọ, ojú rẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí nìyí: àwọn ará àdúgbò ń wá bá a yọ̀ pé ó ti gbádùn. Alhaja Mùbárákà gbé adìyẹ wá. Bàbá rẹ dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Kàfáyá, jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀.” Mo wọ yàrá lọ, mo di ògiri mú.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí fa oògùn sí i lára. Dókítà ní ó lè dá àrùn náà dúró díẹ̀, kí ìrora sì dín kù. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ọ títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi rinlẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo máa ń gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kọjá agbára mi. Gba àyè, kí o wá.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ìrìn rẹ, kí Ó jẹ́ kí o bá wa láyọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Kàfáyá.

Mo tún rántí: Jabez ní kí o pe òun bí o bá dé gáréèjì Sángo. Má jẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé mo kọ̀wé. Sọ pé àárò rẹ̀ ló sọ ọ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn náà, àbí?