Àárọ̀ Tí Dókítà Eyín Dá Gbé Bàálù Rẹ̀ Fò

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Bàálù Kékeré.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ńkọ́? Ara tèmi le, ilé náà kò burú. Má bínú pé n kò tètè fèsì lẹ́tà rẹ. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ọwọ́ mi ò sì fẹ́ kọ ọ́.

O rántí dókítà eyín tí mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní Ẹ-Lanu? Ó ti kú. Bàálù rẹ̀ ló já lulẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Bàálù elérò mẹ́rin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tó gbàwé àṣẹ tán, ó ra tirẹ̀, elérò méjì, fúyẹ́fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí kò gba gìràgìrà. Bí o ṣe ń fa ọ̀pá ìdarí ti ńlá, bí o bá fà á bẹ́ẹ̀ nínú kékeré, ṣe ni imú rẹ̀ á nà sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun àti olùkọ́ rẹ̀ ti jọ gbé e fò. Olùkọ́ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dá a gbé títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ṣùgbọ́n ara ń yá Ẹ-Lanu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tó fi dé. Èmi ni mo bá a ti bàálù náà jáde. Mo bi í pé olùkọ́ dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyíká kan péré lòun fẹ́ yí, kí olùkọ́ tó dé òun á ti sọ̀. Mo kúrò lọ́nà fún un.

Imú bàálù ga jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì ga tó òpó iná mẹ́ta tí a tò lérí ara wọn tó fi yà sósì lójijì, bí ẹni tó fẹ́ padà. Eré rẹ̀ ti kú, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e mọ́. Apá òsì ló kọ́kọ́ wálẹ̀, ìyókù tẹ̀ lé e, ó sì já gbì sínú pápá tó wà lẹ́yìn ọgbà. Kò gbiná. Nígbà tí a sáré débẹ̀, ó ṣì ń mí. Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ó ti dákẹ́.

Àwọn olùṣèwádìí wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lójú mi, èmi tí mo máa ń tún un ṣe. Wọ́n ní kò sí àbùkù kankan lára ẹ̀rọ. Mo rò pé ara á tù mí. Kò tù mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ wá kó jákẹ́ẹ̀tì àti ìwé ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ló wí. "Ṣé ẹ ní kó dúró?"

Mo ní, "Mo bi í léèrè olùkọ́, mà. N ò sọ pé kó dúró."

Ó ní, "Ká ní ẹ sọ ọ́, kò ní gbọ́. Mo mọ ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ sọ ọ́."

Kò pariwo. Nígbà tó dìde, ó dúpẹ́ pé mo di ọwọ́ ọkọ òun mú títí ó fi kú. Ọ̀rẹ́, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí a kò sọ náà ń fọ́ nǹkan.

Lánàá, agbẹjọ́rò kan tó ń kọ́ bàálù wá láìsí olùkọ́. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bàálù bọ àpò, mo ní kó padà wá lọ́la. Ó bú mi dáadáa, ó ní mẹkáníìkì lásánlàsàn ni mí. Ó fìbínú wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé. Ó délé.

Bá mi kí ìyàwó àti ìyá wa, kí o sì gbé àwọn ìbejì lọ́kọ̀ọ̀kan fún mi.

Tìrẹ ni mo jẹ́, lójò lẹ́ẹ̀rùn,
Sípánà.