Oko Tí Mo Fi Ẹfun Kùn

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òkè-Ìlá,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹfà, 1978.

Bámgbóyè, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú Ìbàdàn ńlá? Ìyá Yétúndé ńkọ́, tí kì í jẹ́ kí n kúrò nílé yín láìjẹun lẹ́ẹ̀mejì? Orúnkún rẹ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ńkọ́? Má fi jáfara o, àgbà ti dé. Gbogbo ará ìjọ yín ńkọ́? Bí o bá bèèrè tèmi, ara mi le koko, ojú nìkan ló ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ gbọ́ ni bóyá kí ẹ̀yin ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò tí yóò gbé yín wá sí oko mi lọ́nà Ìgèdè. Ẹ má tíì wá a. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún ọ ná.

Láti ọdún tó kọjá tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìbéèrè mọ́. Ilé pa rọ́rọ́. Ìdí tí mo fi ní n óò máa gba àlejò sóko nìyẹn, kí àwọn ará ìgboro wá sun oko, kí wọ́n jẹ iṣu sísun, kí èmi náà rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ní Àkúrẹ́ ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, alábẹ̀wò yóò sì kọ́kọ́ wá wo oko rẹ̀.

Bí mo ti gbọ́ “alábẹ̀wò,” orí mi wú. Ta ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba alábẹ̀wò? Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nílé ìwé! Mo ka ojú ìwé kìíní òfin náà, mo rí “ìmọ́tótó” níbẹ̀, mo pa á dé. Mo gbẹ́ ṣáláńgá, mo wá ìdérí fún kànga. Ìyẹn dára. Ibi tí wèrè mi ti bẹ̀rẹ̀ rèé: mo to òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fi ẹfun kùn wọ́n. Ẹfun ṣẹ́ kù, mo kun ìdí igi obì àti igi kòkó, gbogbo wọn wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Mo ro koríko kanlẹ̀. Ẹ̀gúsí tí Àtinúkẹ́ ìyàwó mi gbìn ń rá láti ebè kan bọ́ sí èkejì, kò tò lórí ìlà. Mo fà á tu.

Àtinúkẹ́ kígbe, “Yéè! Bàbá Fọláṣadé, ṣé kò sí o? Ulé ùwé lẹ fẹ́ kọ́ síbí ni?” Mo ní kó fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ni mò ń ṣe. Mo wá gbé pátákó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà: ÀLEJÒ, MÁ FỌWỌ́ KAN NǸKAN KAN.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé, ta ni mo rí? Olúfúnṣọ́ ọmọ ìlú Ìyìn, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ṣẹ́jú sí Àtinúkẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Olúfúnṣọ́ wo ṣáláńgá, ó yìn ín. Ó wo kànga, ó yìn ín. Ó wo ìdí igi obì, ó fi ìka nu ẹfun ara rẹ̀ wò. Ó ka pátákó mi, ó tún un kà. Ó wá rọra bèèrè pé, “Sà, oko ọ̀hún dà?”

Mo ní òun ló dúró sí yìí. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Òfin ní àlejò gbọ́dọ̀ bá oko tí wọ́n ń dá lóòótọ́, kó fọwọ́ kàn án, kó já ẹ̀fọ́, kó wa iṣu. Ó wà lójú ìwé kejì. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń nà wá, sà, pé ká ka ìbéèrè tán ká tó dáhùn.”

Háà! Mo ní kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ kọ̀. Àtinúkẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ni. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, èmi gan-an ni wọ́n pa òwe náà fún. Kò fún mi láṣẹ, ó sì dùn mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti ń fojú sọ́nà fún yín bí ọmọdé ṣe ń retí Kérésì.

Bí Olúfúnṣọ́ ti ń lọ, ó rí ewé kan lẹ́yìn ṣáláńgá tí ọkọ́ mi kò bá. Ó ní, “Sà, kí lorúkọ ewé yìí?” Mo ní imí eṣú ni, òun ni ìyá mi fún sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ́ ṣá mi, tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo fi àpá hàn án. Mo ń sọ, mo ń sọ, títí mo fi gbàgbé pé inú ń bí mi. Ó ti jókòó sórí òkúta ẹlẹ́fun, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ti funfun. Ó ní, “Ohun tí àlejò ń bọ̀ wá gbọ́ nìyí, sà. Ẹ jẹ́ kí oko padà di oko. N óò tún yà nígbà iṣu tuntun.”

Àtinúkẹ́ ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun yóò tún ẹ̀gúsí gbìn, èmi ni n óò sì bó o. Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí koríko, àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó bóyá koríko ti hù! Lánàá mo rí imí eṣú tó ń yọ orí, díẹ̀ ló kù kí n kí i kú àbọ̀. Mo sì ti fi ẹfun tó kù pa ọ̀rọ̀ orí pátákó rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: ÀLEJÒ, BÈÈRÈ.

Bá mi kí ìyá Yétúndé àti gbogbo ìjọ. Ní kí wọ́n gbàdúrà fún koríko mi. Mọ́tò ò tíì yá, ẹ kọ́kọ́ máa to ìbéèrè jọ ná.

Èmi ni tìrẹ, tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ ogbó,
Akínọlá Ọmọ́níyì.