Ìṣirò Ọjọ́ Tí Ìwé Ń Sinmi

Kakdwip,
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún Saraswati.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sharbani,

Ẹ kú ilé ọkọ o. Mo nírètí pé ara yín le, pé ikọ́ ìyá ọkọ yín sì ti ń rọlẹ̀. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Ọ̀rọ̀ Jhuma, ọmọ kíláàsì mi, ni mo fẹ́ fi tó yín létí. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Bí kò bá yege nínú àtúnṣe ìdánwò, kò ní bá wa lọ sí kíláàsì kẹwàá. Yóò tún kẹsàn-án ṣe pẹ̀lú Bapan àbúrò rẹ̀. Bapan ti ń kí i pé, "Káàbọ̀, ẹgbẹ́ mi."

Ọjọ́ kejì ọdún ni ìdánwò bọ́ sí. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ ọdún, ìwé àti bíro wa ti wà níwájú Saraswati, òrìṣà ìmọ̀. A ò gbọdọ̀ kà, a ò gbọdọ̀ kọ, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. À ń sín òdòdó nílé wa lọ́jọ́ náà, Jhuma ń sunkún. Igun inú òbìrìkìtì kò yé e rárá.

Mo dojú àwo idẹ tí a fi ń gbé èso délẹ̀. Mo fi òdòdó kan sí àárín, mẹ́ta sí etí, mo ta òwú láàárín wọn. Mo ní kó wò ó: igun ti àárín jẹ́ ìlọ́po méjì ti etí. Ìyá àgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ìwé lẹ ń kà yẹn?" Jhuma ní, "Òdòdó là ń tò, Ìyá àgbà." "Òdòdó wo lẹ ń bá jiyàn báyẹn?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Nínú ìdánwò, "òdòdó àárín" àti "òdòdó etí" ni Jhuma kọ síbi tó yẹ kó kọ lẹ́tà. Ọ̀gá Samanta, olùkọ́ ìṣirò, rò pé ṣe ló há a sórí. Lánàá, wọ́n pè é síwájú pátákó: bí kò bá lè ṣàlàyé, wọn yóò fagi lé ìdánwò rẹ̀. Ó ṣàlàyé dópin. Ó tilẹ̀ sọ ìdí tó fi jẹ́ ìlọ́po méjì, èyí tí èmi gbàgbé láti sọ fún un.

Ọ̀gá kọ "ó yege" sórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Shyamoli ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù, sà."

Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ohùn mi rí.

Kí òrìṣà dá ẹ̀mí yín sí, kí ilé ọkọ tù yín lára.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Shyamoli.

Àfikún: Èso kul ti pọ́n. Màmá ń sá tiyín sóòrùn. Ẹ rán ẹni tí yóò wá gbé e.